Orúkọ Méjìlélógójì, Ọwọ́ Ẹnì Kan

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ gbọ́ tẹnu mi lónìí. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, síbẹ̀ inú ṣì ń bí mi bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ní kí n gbàgbé, kó kọ́kọ́ kà á tán ná.

Chicago ni mo wà, láàárín àwọn ọdún 1980 sí 1989, nígbà tí àwa Yorùbá ibẹ̀ kò tíì pọ̀ tó báyìí. Apá àríwá ìlú la ń gbé, kò jìnnà sí adágún ńlá yẹn, èmi àti Sìdíkátù ìyàwó mi, àti Mujídà, ọmọ kan ṣoṣo tí a ní nígbà náà. Òtẹ́ẹ̀lì kan ní Des Plaines, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀ òfurufú, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni ọ̀gá níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Sìdíkátù ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú wọn. Àwa méjèèjì ti búra, a ti di ọmọ Amẹ́ríkà, káàdì ìdìbò wa sì wà nínú àpò.

SS ni ẹ̀jẹ̀ Mujídà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí mò ń sọ, ẹ mọ̀ ọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́fà á máa ké pé eegun ń dun òun, ìwọ bàbá ò ní mọ ibi tí wàá fọwọ́ kàn lára rẹ̀. Àmọ́ Ọlọ́run ṣàánú wa: kílíníkì ìjọba ìpínlẹ̀ kan wà ní òpópónà kejì sí ilé wa. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ mọ Mujídà dáadáa, ó mọ iṣan tó rọrùn láti rí lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìrora bá ti dé, Sìdíkátù á gbé e pọ̀n, kí ìkòkò tó wà lórí iná tó hó, wọ́n á ti débẹ̀. Ẹ fi kílíníkì yẹn sọ́kàn o, nítorí òun ni gbogbo ìjà yìí dá lé.

Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ilé aṣòfin tirẹ̀. Ti Illinois wà ní Springfield, ó tó ìrìn wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀ sí wa nínú mọ́tò. Ilé aṣòfin méjì ló wà níbẹ̀, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà sì ni wọ́n ń pè ní Sẹ́nétì. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló ní sẹ́nétọ̀ kan tó ń ṣojú rẹ̀. Ẹni tí àwa dìbò yàn ríṣẹ́ ńlá kan ní ilé-iṣẹ́ aládàáni, ló bá fi àga sílẹ̀ kí sáà rẹ̀ tó pé.

Ṣé ẹ rò pé wọ́n pè wá kí a wá yan ẹlòmíràn? Rárá o! Àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ ní àdúgbò, wọn ò ju mélòó kan lọ, wọ́n tilẹ̀kùn mọ́rí, wọ́n sì mú ọkọ ọmọ ọ̀kan nínú wọn, wọ́n ní kó lọ jókòó síbẹ̀. Òfin sì fàyè gbà á. Kò sí ẹyọ ẹnì kan ní àdúgbò wa tó dìbò fún ọ̀gbẹ́ni yìí, síbẹ̀ òun ni yóò máa fọhùn lórúkọ wa títí sáà á fi parí.

Àwọn àgbà ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Àwọn wọ̀nyí fá tiwa lẹ́yìn wa, abẹ tí kò mú ni wọ́n sì fi fá a.

Kò pẹ́ tó débẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn kílíníkì kéékèèké dé iwájú Sẹ́nétì: ṣé kí ìpínlẹ̀ máa náwó lé wọn lórí, àbí kí wọ́n tì wọ́n pa? Ìbò kan ṣoṣo ló kù kí owó náà jáde. Ìbò kan! Níbo ni sẹ́nétọ̀ tiwa wà lọ́jọ́ náà? Ó ti lọ sí Florida, wọ́n ní ó lọ gbá góòfù. Bí a ṣe gbọ́ ni pé wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ilẹ̀kùn kílíníkì, wọ́n ní tó bá fi máa di ìparí oṣù kẹfà, àwọn á kógbá sílé.

Mo lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́jọ́ tí mi ò níṣẹ́. Wọ́n ní ṣé mo ní àdéhùn ìpàdé pẹ̀lú rẹ̀. Mo lọ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní ó wà ní Springfield. Mo lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ọmọbìnrin tó jókòó ti tẹlifóònù rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní kí n kọ lẹ́tà. Lẹ́tà? Mo ti kọ mẹ́rin!

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí mo fi bá Sister Bùnmi pàdé ní ẹnu àtẹ̀gùn, tí mo sì tú gbogbo ẹ̀dùn ọkàn mi sí i lára. Òkè wa ló ń gbé. Aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni, South Side, apá gúúsù ìlú, ni wọ́n bí i sí, ọkọ̀ àwọn ọmọ iléèwé ló ń wà. Ó ti gba ẹ̀sìn òrìṣà, ó sì ti sọ ara rẹ̀ ní Ọ̀ṣunbùnmi. Ká sọ òtítọ́, ó máa ń kúnlẹ̀ kí àgbà ju àwọn ọmọ tiwa tí a bí sílé lọ.

Ó gbọ́ mi tán, ó wá mú ìwé kan jáde nínú àpò rẹ̀. Àṣé òun àti àwọn kan ní àdúgbò ti ń gbé e kiri láti bí oṣù kan. Òfin ní bí àwọn olùdìbò tó iye kan bá fọwọ́ sí i, ìjọba gbọ́dọ̀ gbé ìbéèrè wọn sórí ìwé ìdìbò. Ìbéèrè tiwọn ni pé bí àga sẹ́nétọ̀ bá ṣófo, ṣé kò yẹ kí àwọn ará àdúgbò fúnra wọn dìbò yan ẹni tí yóò bọ́ síbẹ̀, kí ẹni náà sì máa wá síwájú wọn lẹ́yìn ìjókòó kọ̀ọ̀kan láti sọ bó ṣe dìbò? Ìmọ̀ràn lásán ni ìdáhùn yóò jẹ́ fún Sẹ́nétì, kì í ṣe àṣẹ. Àmọ́ Sister Bùnmi ní bí àdúgbò bá fohùn kan lọ́nà báyìí, ẹ̀rù á ba ọ̀gbẹ́ni yẹn, wọ́n lè tún gbé ọ̀rọ̀ kílíníkì dìde kí oṣù kẹfà tó pé.

Mo sọ fún un pé àwa Mùsùlùmí Yorùbá ń ṣe àsàlátù ní ọjọ́ Sunday ní yàrá abẹ́ ilé kan tí a yá, pé àwọn tó ti di ọmọ Amẹ́ríkà nínú wa á tó ogójì. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní òun á wá dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ o. Mo ní kó má wàhálà. Mo mọ Alhaji wa, mo mọ̀ pé kò ní fẹ́ kí obìnrin ẹlẹ́sìn òrìṣà dúró sẹ́nu ọ̀nà àdúrà. Mo ní kó fún mi ní ìwé mẹ́ta, kó fi ìyókù sílẹ̀ fún mi.

Ó ní, "Brother Rasheed, listen to me. Everybody signs with their own hand. O gbọ́dọ̀ wo ẹnì kọ̀ọ̀kan with your own eyes." Ó fi ìsàlẹ̀ ìwé hàn mí, níbi tí ẹni tó gbé e kiri ti máa búra pé ìṣojú òun ni gbogbo wọn ti fọwọ́ sí i. Mo ní ó yé mi.

Alhaji Sùbérù ni olórí wa. Ó ti wá sí Chicago láti kàwé nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń jẹ mọ́ínmọ́ín níwájú iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òun ló dá àsàlátù wa sílẹ̀. Ẹni tó bá kú, òun ló ń bá ilé ìsìnkú sọ̀rọ̀. Bí a bá fẹ́ kọ̀wé sí ẹ́ńbásì, òun ló ń kọ ọ́, òun ló sì ń fọwọ́ sí i lórúkọ gbogbo wa. Ìwé orúkọ àti àdírẹ́sì wa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ènìyàn dáadáa ni, mi ò ní torí pé inú ń bí mi kí n purọ́ mọ́ ọn.

Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi: ta ló máa gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wọlé tó máa fún ọmọdé kí ó tó kan àgbà? Iwájú Alhaji ni mo kọ́kọ́ gbé e lọ, kó lè fọwọ́ sí ìlà àkọ́kọ́. Ó ka ìwé náà, ó mi orí, ó ní ọ̀rọ̀ gidi lèyí. Ló bá ká a, ó tì í bọ inú báàgì rẹ̀. Ó ní kí n wá gbà á ní Sunday tó ń bọ̀.

Mo ní ó dáa, mo sì lọ wọ bàtà mi.

Sunday dé. Alhaji mú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde. Gbogbo ìlà ti kún! Orúkọ méjìlélógójì, àdírẹ́sì méjìlélógójì, ọwọ́ ẹnì kan. Ọwọ́ Alhaji, ọwọ́ ológe tí wọ́n fi ń kọ̀wé láyé àwọn tíṣà àtijọ́, tí ìrù lẹ́tà kọ̀ọ̀kan máa ń ká sẹ́yìn. Orúkọ Láwálì wà níbẹ̀, Láwálì tó ti padà sí Ìwó láti ọdún tó kọjá. Orúkọ Sìdíkátù wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, orúkọ èmi fúnra mi wà níbẹ̀, èmi tí mo gbé ìwé wá!

Mo rọra sọ̀rọ̀. Mo ní Alhaji, ẹ má bínú, àwọn ará ibí ní ọwọ́ ara ẹni ni kí kálukú fi ṣe é.

Ó gbé ojú sókè. "Ràṣídì, ṣé mo ti sign nǹkan kan fún yín rí tó bàjẹ́?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo dọ̀bálẹ̀, mo gba ìwé, mo tún dúpẹ́. Ọjọ́ kejì, Monday, ni gbèdéke tí wọ́n fún wa, kò sí àyè láti tún un ṣe. Mo sọ fún ara mi pé gbogbo wa la kúkú fẹ́ ohun tó wà nínú ìwé náà, kí wá ni ìyàtọ̀? Nígbà tí mo délé, Sìdíkátù ń di irun fún Mujídà. Ó bi mí pé ìwé wo nìyẹn. Mo ní ọ̀rọ̀ kílíníkì ni, pé Alhaji ti bá wa yanjú ẹ̀. Ó ní ó dáa, ó ń di irun lọ.

Ní àárọ̀ Monday mo búra níwájú ẹni tó ń fi òǹtẹ̀ lu ìwé, pé ìṣojú mi ni wọ́n ti fọwọ́ sí i. Nígbà tí Sister Bùnmi bi mí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbà mí gbọ́, kò tú u wò, ó kó tèmi pọ̀ mọ́ tàwọn yòókù, ó sì lọ fi wọ́n sílẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n pè wá sí ìgbẹ́jọ́ ní àárín ìlú. Sẹ́nétọ̀ tí kò ráyè dáhùn lẹ́tà mẹ́rin ti ráyè gba lọ́yà tó ń yẹ ìwé wa wò ní ìlà kọ̀ọ̀kan! Sìdíkátù gba ààyè níbi iṣẹ́, ó tẹ̀ lé mi, ó ní òun fẹ́ fojú rí ẹni tí ó pa kílíníkì ọmọ òun. Alhaji náà wá pẹ̀lú àwọn àgbà mẹ́rin, wọ́n dé fìlà funfun, wọ́n tò sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Sẹ́nétọ̀ ò wá o. Lọ́yà nìkan ló rán.

Lọ́yà náà kéré lọ́jọ́ orí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ bíi ti ẹni tó ń kí aláìsàn. Kò fọwọ́ kan ìwé àwọn yòókù. Mẹ́ta tèmi yẹn ló gbé síwájú. Ó ní ṣé èmi ni mo gbé e kiri. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ṣé ìṣojú mi ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ti fọwọ́ sí i.

Mo wẹ̀yìn. Alhaji ń mi orí sí mi bíi tíṣà tó mọ̀ pé ọmọ òun á yege. Bí mo bá ní rárá, mo ti pe bàbá ní ayédèrú níwájú òyìnbó nìyẹn. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, irọ́ ni.

"Yes, sir," ni mo wí. Èmi tí mo kírun àárọ̀ kí n tó jáde nílé!

Lọ́yà ò bá mi jiyàn. Ó fi ìka tẹ̀ lé ìlà, ó ní ṣé obìnrin tó wà ní ìlà kẹta ìwé kejì wà níbí. Ó pe orúkọ Sìdíkátù bó ṣe wù ú, àmọ́ Sìdíkátù mọ̀ pé òun ni. Ó dìde. Obìnrin arúgbó tó ń darí ìjókòó ní kó bọ́ síwájú, wọ́n gbé ìwé fún un. Ó wò ó pẹ́. Mo ń fi ojú bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kò wo ọ̀dọ̀ mi.

"No, ma," ló wí. "I did not sign it. Nobody asked me."

Obìnrin arúgbó yẹn wò mí láti orí gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní ohun tí mo ṣe yìí lè gbé mi dé kóòtù, àti pé òun á fojú fò ó nítorí ó dà bíi pé mi ò mọ̀ bó ṣe wúwo tó. Ó fa igi lé ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n ka ìyókù. Ó ku mọ́kàndínlógún kó pé. Mọ́kàndínlógún péré! Gbogbo ẹsẹ̀ tí àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn fi rìn nínú yìnyín láti ilé dé ilé, mo ti sọ ọ́ dòfo. Sister Bùnmi ò bú mi. Ó kó ìwé rẹ̀ jọ, ó kí Alhaji ní ìkúnlẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó sì jáde. Ó sàn kó bú mi.

Nínú ọkọ̀ ojú irin tí a wọ̀ padà sílé, mo fi ìbínú bo Sìdíkátù. Mo ní ó ti tú mi síta, ó ti dójú ti Alhaji, ó ti pa kílíníkì ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹnì kan tó jókòó níwájú wa dìde, ó lọ jókòó síbòmíràn. Sìdíkátù yíjú sí mi.

"Bàbá Mujídà, kí ni sẹ́nétọ̀ yẹn ṣe fún yín tí ẹ ò sùn láti ọjọ́ yìí? Ẹ ní wọ́n yan ènìyàn lórúkọ yín, wọn ò bi yín. Ẹ ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Èmi ni mò ń gbé Mujídà lọ sí kílíníkì yẹn. Ìwé tí ẹ ń gbé kiri nítorí rẹ̀ wọ inú ilé tí mo wà, ẹ gbé e kọjá níwájú mi. Ta ló bi mí?"

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí a ṣe sọ̀kalẹ̀, mo rìn síwájú, mo fi í sílẹ̀ lẹ́yìn. Inú bí mi sí i nítorí pé òtítọ́ ló sọ. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí n tó jẹ́wọ́ fún ara mi pé èmi gan-an ni inú ń bí mi sí.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn àgbà ti pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní Sìdíkátù gbọ́dọ̀ wá kúnlẹ̀ bẹ Alhaji níwájú ìjọ. Tó bá jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni, mo ti máa sọ fún wọn pé a ń bọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ní kí wọ́n dúró, mo lọ bá a ní kíṣìnnì, mo bi í. Ó ní òun á wá, àmọ́ òun ò ní kúnlẹ̀ fún òtítọ́ tí òun sọ.

Nígbà tí a parí àdúrà ní Sunday, Alhaji sọ̀rọ̀. Kò pariwo. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń fọwọ́ sí ìwé fún wa, kò sí ẹni tó tíì sọ pé òun ṣì í ṣe. Ó ní òun ò jẹ kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀, iṣẹ́ wa lòun ń bá wa ṣe, ọmọ tí òun so yìgì rẹ̀ ló wá dìde tako òun níwájú àjòjì. Gbogbo ojú wá yí sí Sìdíkátù.

Èmi ni mo dìde. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà mi kan ilẹ̀. Mo ní ẹ̀bi tèmi ló pọ̀ jù, èmi ni wọ́n kìlọ̀ fún, èmi ni mo búra èké. Lẹ́yìn náà ni mo dìde dúró.

"Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan ni mo ní. Ta ló yàn yín?"

Ó wò mí. Mo rò pé yóò lé mi jáde ni.

"Ẹ̀yin lẹ yàn mí," ló wí. "Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín tí ẹ ò sọ nǹkan kan."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ìbáwí obìnrin arúgbó ọjọ́sí lọ, torí kò sí irọ́ níbẹ̀. Ìyá Rìsíkà, ìyá kan tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ló wá sọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin. Ó ní tí wọ́n bá gbé ìwé náà wá sọ́dọ̀ òun ni, òun ì bá fọwọ́ sí i. Pẹ́nì wà nínú báàgì òun lọ́jọ́ náà. Òmíràn ní òun náà. Òmíràn ní òun ò tilẹ̀ mọ̀ pé orúkọ òun wà nínú ìwé kankan. Mo ń kà wọ́n ní ọkàn mi. Àwọn obìnrin nìkan kọjá mọ́kàndínlógún!

Ṣé ẹ rí ohun tó ń pa mí? Inú yàrá yẹn la wà, gbogbo wa, pẹ̀lú pẹ́nì nínú báàgì. Ká kàn gbé ìwé náà láti ọwọ́ dé ọwọ́, kò ní tó wákàtí kan. A ò ṣe é, nítorí pé kò tíì sí ẹni tó bi àwọn obìnrin yẹn léèrè ohunkóhun rí.

Wọ́n ti kílíníkì ní ìparí oṣù kẹfà. Ní oṣù kìíní tó tẹ̀ lé e, ìrora gbé Mujídà ní ọ̀sán gangan, yìnyín ń bọ́. Bọ́ọ̀sì méjì àti ọkọ̀ ojú irin kan ni Sìdíkátù fi gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá ní ìwọ̀ oòrùn ìlú, èmi wà ní Des Plaines, mi ò tètè gbọ́. Nọ́ọ̀sì tí kò mọ̀ ọ́n rí gún un lábẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún kó tó rí iṣan. Nígbà tí mo débẹ̀, ó fi ọwọ́ tó wú hàn mí, ó ní, "Daddy, kí ló dé tí a ò lọ sí tiwa?" Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ó yè é, ó ti di ìyá ọmọ báyìí. Àmọ́ mi ò tíì dárí ji ọkùnrin tó ń gbá góòfù yẹn, mi ò sì tíì dárí ji ara mi tán.

Ní ọdún yẹn kan náà, Sìdíkátù gòkè lọ kan ilẹ̀kùn Sister Bùnmi. Èmi ò rán an o. Ó tọrọ ìwé. Ní Sunday kan, àwọn méjèèjì dúró sẹ́nu ọ̀nà àsàlátù wa, obìnrin Mùsùlùmí pẹ̀lú ìborùn rẹ̀, obìnrin ẹlẹ́sìn òrìṣà pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀, wọ́n gbé pátákó kan dání tí ènìyàn lè fi kọ̀wé. Bí ẹnì kan bá dé, wọ́n á ka ìbéèrè náà fún un, wọ́n á ní ṣé ó fẹ́ fọwọ́ sí i. Àwọn kan ní àwọn ò fẹ́, wọ́n kọjá. Kò sí ẹni tó dá wọn dúró.

Alhaji dé. Gbogbo wa tó wà lórí àtẹ̀gùn yà fún un. Ó ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni tí kò kà á rí, ó wá bi Sìdíkátù pé ibo ni òun máa fọwọ́ sí. Sìdíkátù kúnlẹ̀ kí i, ó sì fi hàn án: ìlà kẹrìnlá, lábẹ́ orúkọ ọmọge kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba káàdì ìdìbò. Alhaji fa pẹ́nì yọ. Ó kọ orúkọ tirẹ̀ nìkan, ó dá pẹ́nì padà sápò, ó sì wọlé lọ kírun.

Ó kan èmi. Mo na ọwọ́ sí pátákó náà bí ẹni tó ni ín. Sìdíkátù fà á sẹ́yìn díẹ̀. Ó ka ìbéèrè náà fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bó ṣe kà á fún gbogbo èrò, ó wá ní, "Bàbá Mujídà, ṣé ẹ fẹ́ fọwọ́ sí i?"

Ó bi mí o. Ojú tì mí, mo sì fọwọ́ sí i.

Ìwé yẹn yege. Lọ́yà yẹ̀ ẹ́ wò títí, kò rí nǹkan kan mú. Ìbéèrè náà dé orí ìwé ìdìbò, àdúgbò wa sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, pé a fẹ́ máa yan sẹ́nétọ̀ fúnra wa, kí ó sì máa wá jíhìn. Ní ìdìbò tó tẹ̀ lé e, sẹ́nétọ̀ ọkọ ọmọ olórí yẹn fìdí rẹmi. Springfield ńkọ́? Wọ́n gba ìmọ̀ràn wa, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì tì í bọ fáìlì. Kílíníkì ò ṣí mọ́. Ibi tí wọ́n ti ń yá fídíò ni wọ́n sọ ọ́ dà. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí mo bá kọjá níbẹ̀, mo máa ń wo ilẹ̀kùn tí wọ́n lẹ ìwé mọ́ lọ́jọ́sí, inú mi á sì tún ru.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí. Ẹni tó bá fẹ́ tún Ilé Aṣòfin Àgbà ṣe, kó kọ́kọ́ bojú wo yàrá tí òun gan-an jókòó sí. Ẹni tó ń pariwo pé wọn ò bi òun, kó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá ó bi ẹnikẹ́ni. Ẹ bọ̀wọ̀ fún àgbà, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mú pẹ́nì yín dání.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti sọ̀rọ̀ lórúkọ yín rí tí ẹ ò rán an? Àbí ẹ̀yin lẹ sọ ti ẹlòmíràn, bíi tèmi? Mo fẹ́ gbọ́. Ẹ kọ ọ́ sí mi, kódà bí kò ju ìlà kan lọ. Ẹ ṣáà rí i pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ ọ́.